Kọ́ọ̀pù Olókùn Pupa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju apẹ̀rẹ̀ obì lọ, yàrá kan wà nínú ilé wa ní Ọ̀fìn, ní Ṣàgámù, tí atẹ́gùn kì í wọ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn yàrá náà fún ẹ̀yin ọmọ mi, àti fún ọmọ ẹlòmíì tó bá ka ohun tí mo kọ yìí, nítorí pé ẹ máa ń fi àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí wa, kó tó jókòó, kó tó gba omi mu, ìdí fèrèsé ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Á fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ti gíláàsì sẹ́yìn, ẹ̀yin á sì máa wo ojú ara yín, ẹ óò ní, "Àǹtí ti dé nìyẹn, ẹ yáa pa éésì." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Mi ò bínú. Ẹ ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ ni.

Òwò obì ni ìyá bàbá mi ń ṣe. Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Obì gbànja ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ìsarà àti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́, á sì tọ́jú rẹ̀ títí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Sábó yóò fi wá kó o lọ sí òkè Ọya. Ẹni tí kò bá dàgbà sínú iṣẹ́ náà lè rò pé kéèyàn kàn ra obì kó sì tà á ni. Rárá o. Obì gba ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. Bí a bá ti là á tán, a óò rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ funfun tó bò ó lè rọ̀. A óò bó o, a óò fọ̀ ọ́, a óò dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kó lè làágùn, a óò ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, lẹ́yìn náà ni a óò wá fi ewé gbòdògì tútù tẹ́ apẹ̀rẹ̀, a óò kó o sí i, a óò tún fi ewé bò ó. Ohun tí Ìyá Àgbà bẹ̀rù jù lẹ́yìn kòkòrò ni atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí obì, á rọ, ara rẹ̀ á hunjọ, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Oníbàárà á mú ẹyọ kan, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á sì jù ú padà sínú apẹ̀rẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí yàrá obì fi rí bó ṣe rí. Ẹ̀yìn ilé ló wà. Fèrèsé onípákó méjì ló ní, tìtì ni wọ́n sì máa ń wà. Ìyá Àgbà tún fi àpò ìdọ̀họ bò wọ́n láti inú, ó kan ìṣó mọ́ ọn yíká kí atẹ́gùn má rí ojú ihò gbà. Bí o bá wọlé, á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹnìkan fi aṣọ tútù bò ọ́ lójú. Òórùn ewé, òórùn omi obì, àti ooru wọ́ọ́wọ́. Àtùpà kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀. Ìdí àtùpà yẹn ni àwa ọmọ ilé máa ń jókòó sí lórí àpótí lẹ́yìn iléèwé, tí a óò máa bó obì títí wọn yóò fi pè wá jẹun. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ nígbà náà. Mo ní láti sọ ìyẹn fún yín pẹ̀lú, nítorí kò sí ohun kan níbẹ̀ tó dẹ́rù ba ọmọdé.

Aránṣọ ni ìyá mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọjọ́ ìsinmi ló máa ń wálé. Àbúrò bàbá mi kan wà, obìnrin, tó ń gbé ní Èkó bákan náà. Òun la ń pè ní Àǹtí Èkó. Ó lẹ́wà, ó mọ irun dì, ó sì lè ṣe ohùn gbogbo ẹranko bó bá ń pàlọ́. Ọkùnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ kan fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí méjèèjì sì ti ń múra sílẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí ló padà wá sílé pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀. Ó ti rù. Bùbá rẹ̀ ń fì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó sì ń wúkọ́.

Ìyá Àgbà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ikọ́ náà ní ìta. Ó ní bí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ bá gbọ́, ìgbéyàwó ò sí mọ́ nìyẹn. Yàrá obì ló jìnnà sí títì jù nínú gbogbo ilé, àlejò kì í débẹ̀, àpò ara fèrèsé sì máa ń gbé ohùn mì. Ó ní kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Èkó síbẹ̀, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀. Ó tún rọrùn fún un, nítorí ó lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa bó obì, kó má baà dà bí ẹni tó wá jókòó láìṣiṣẹ́.

Ìyá mi nìkan ni ara fu. Mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi lálẹ́ Sátidé kan pé, "Ikọ́ yìí, mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń dún. Ó jọ ikọ́ife." Bàbá mi ní kó má pe orúkọ yẹn mọ́ ọmọ ìyá òun. Ìyá mi ò pè é mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó mú kọ́ọ̀pù tánńganran kan, abọ́ kan àti ṣíbí kan, ó fi okùn pupa tó fi ń ránṣọ wé ọwọ́ kọ́ọ̀pù náà yíká yíká, ó so òmíràn mọ́ ọrùn ṣíbí, ó sì pè wá jọ.

"Ti Àǹtí Èkó nìyí. Ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ ò gbọdọ̀ bu omi sínú rẹ̀, kódà bí òùngbẹ fẹ́ pa yín. Kí ni mo sọ?"

A sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó tún bi àbúrò mi nìkan, nítorí pé òun ló kéré jù, kò tíì wọ iléèwé. Àbúrò mi ní, "Okùn pupa, kò sí omi." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó gbé e sọ́rùn.

Ẹ ò lè mọ bí obìnrin yẹn ṣe tọ́jú kọ́ọ̀pù náà tó. Omi gbígbóná àti eérú ló fi ń fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, nínú bàsíà lọ́tọ̀, á sì dojú rẹ̀ dé sórí òkúta kan tí a ò gbọdọ̀ jókòó lé. Bí okùn náà bá ti ń ṣá, á pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ilé tó mọ̀ yìn ín, wọ́n ní ó mọ ìtọ́jú ọmọ. Bó bá sì ti fọ kọ́ọ̀pù tán, á nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, á ní, "Ó yá, ẹ lọ bá wọn bó obì." Àwa á sì wọlé sínú yàrá yẹn, a óò fa ilẹ̀kùn dé kí atẹ́gùn má baà wọlé.

Orí ẹsẹ̀ Àǹtí Èkó ni àbúrò mi máa ń jókòó sí. Kò lè bó obì dáadáa, nítorí náà iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa na ewé sí wa. Àǹtí Èkó á di irun fún un, á pàlọ́ fún un, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wúkọ́, á tún máa bá àlọ́ náà lọ. Nígbà mìíràn àbúrò mi á sùn lọ síbẹ̀, orí rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n Àǹtí Èkó, a ò sì ní jí i títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Èkó wúkọ́ sórí ewé gbòdògì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé náà tutù, ó ń dán, ohun tó wà lórí rẹ̀ sì pupa. Ó sáré ká ewé náà pọ̀. Ìyá mi ti rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Àgbà ní, "Obì ló jẹ. Obì ló mú ẹnu rẹ̀ pọ́n."

Ìyá mi wo àwo tó wà láàárín wa. Ó ní, "Ìyá, obì funfun la bó lónìí."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá mi mú Àǹtí Èkó lọ sí ilé ìwòsàn. Iléèwé ti gba ìsinmi, mo tẹ̀lé wọn. Ìyá mi pọn àbúrò mi.

Gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń jókòó de dókítà ti kún kí a tó débẹ̀. Àǹtí Èkó ò bá wa jókòó. Ó lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, ó fi gèlè bo ẹnu àti imú, kì í ṣe nítorí ikọ́, nítorí kí ará Ọ̀fìn kankan má baà dá a mọ̀ ni. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì kan dìde síwájú. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ sì lè jí gbogbo ilé.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ikọ́ife la fẹ́ sọ lónìí. Ta ló lè sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń kó o?"

Dírẹ́bà kan tó di bàńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síni ni."

Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹsẹ̀ tìẹ yìí ńkọ́, ta ló fi ránṣẹ́? Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ lo ń sá lé?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní sìgá ló ń fà á, òun ti rí i lójú òun. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì kan ní ìdílé ni, pé ó máa ń bá ìran lọ ni, ẹni tí kò bá sí nínú ìran rẹ̀ kò lè ní in láéláé. Ìyá kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn ní, "Ẹ gbọ́ tèmi. Òtútù ni. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí atẹ́gùn òwúrọ̀ fẹ́ sí òun láyà, ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Ẹ pa fèrèsé yín dé, kò ní ṣe yín." Ọ̀pọ̀ èèyàn mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni.

Ìyá mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní, "Abọ́ àti kọ́ọ̀pù ni, mà. Èmi ti ya ti ẹni tó ń wúkọ́ nílé wa sọ́tọ̀. Mo fi okùn sí i, eérú ni mo fi ń fọ̀ ọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo rántí pé orí mi wú.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ìmọ́tótó dára. Ṣùgbọ́n ikọ́ yìí ò gba ẹnu kọ́ọ̀pù wọlé." Ó wá nàka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Oòrùn gba àárín gíláàsì fèrèsé wọlé, ó fi ilà tààrà kan sórí wa, eruku sì ń fò nínú rẹ̀. "Ẹ wo eruku yẹn. Ṣé ó ń balẹ̀?"

A ní kò balẹ̀.

"Ohun tó ń jáde bí ẹni tó ní ikọ́ife bá wúkọ́ kéré ju ìyẹn lọ. Kì í tètè balẹ̀. Bí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn á gbé e jáde. Bí fèrèsé bá tì ńkọ́? Ta ni yóò fà á símú?"

Ó dáhùn fúnra rẹ̀: "Ẹni tó bá bá a wà nínú yàrá yẹn ni. Ọmọdé ló sì ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù."

Ìyá tó sọ̀rọ̀ òtútù ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí òtútù wá pa wá ni?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ wọ súwẹ́tà!" Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti jókòó ló ti ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àbúrò mi lè sùn. Ẹsẹ̀ náà ti dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sẹ́yìn, ó di àbúrò mi mú láti orí ọ̀já, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á.

Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Àǹtí Èkó, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ikọ́ife ni lóòótọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé ó máa gba abẹ́rẹ́, á máa lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró bí ara bá yá, nítorí pé bí ara bá yá, ikọ́ náà ò tíì lọ. Wọ́n yẹ àwa ọmọ wò. Wọn ò rí nǹkan kan lára wa. Wọ́n ní kí ìyá mi máa kó wa padà wá.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ń ṣa obì. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́, ó fi ilà oòrùn àti eruku kún un, ó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. "Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ti tọ́jú obì rí?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mò ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ ọma lèmi náà ń sọ." Bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe máa ń pe ọmọ nìyẹn, ọma. "Kí ni mo fi tọ́ ọkọ ẹ? Kí ni mo fi rán an lọ sí iléèwé? Obì tí wọ́n ṣí fèrèsé lé lórí ni?"

Síbẹ̀, àkókò obì ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún yẹn, apẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ló kù. Ó gbà kí wọ́n yọ àpò kúrò lójú fèrèsé kan. Ìyá mi fòfin dè wá pé a ò gbọdọ̀ wọ yàrá náà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ògiri yàrá obì lójú ọ̀sán, láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rinrin ti fi àwòrán dúdú dúdú sí i láti òkè délẹ̀.

Àǹtí Èkó ń lọ gba abẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ikọ́ náà dákẹ́. Ó ń kọrin bó bá ń fọṣọ. Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ wá, wọ́n jókòó nínú pálọ̀ wa, wọ́n rí i, inú wọn dùn. A ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn títí ó fi pẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin kan láti àdúgbò ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá a pàdé ní ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Obìnrin náà ò sọ ju, "Ha, ṣé ẹ̀yin náà ń gba tibí ni?" lọ. Láti ọjọ́ náà Àǹtí Èkó ò débẹ̀ mọ́. Bó bá tó ọjọ́ oògùn, á wọ aṣọ, á dágbére fún ìyá mi, á lọ jókòó lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nítòsí gáréèjì, á sì padà wálé ní àkókò tó yẹ kí aláìsàn padà.

Obì tuntun dé. Ìyá Àgbà mú àpò, ó mú ìṣó, ó dí fèrèsé. Ìyá mi wò ó, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ikọ́ ti lọ, Àǹtí Èkó ń lo oògùn, kí ni yóò tún sọ? Kọ́ọ̀pù olókùn pupa ṣì wà lọ́tọ̀, ó ṣì ń fi eérú fọ̀ ọ́. A bá padà sórí àpótí wa. Àbúrò mi padà sórí ẹsẹ̀ tó mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, àbúrò mi ń jẹun, ó ní, "Màmá, Àǹtí Èkó máa ń bá ìrọ̀rí sọ̀rọ̀."

Ìyá mi ní, "Kí ló ń bá a sọ?"

Àbúrò mi gbé apá bo ẹnu, ó ṣe é bí a ṣe ń ṣe é: hù, hù, hù.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ohùn ẹranko inú àlọ́ ni.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún jáde, kò sí bó ṣe lè fi pamọ́ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì jẹ́wọ́ fún dókítà ohun tó ti ń ṣe. Wọ́n gbìyànjú. Oògùn tó mú un lára dá tẹ́lẹ̀ ò ràn án mọ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Àǹtí Èkó kú. Ọkùnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ náà wá síbi ìsìnkú, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé.

Ìyá Àgbà sun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sun ìrọ̀rí. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sin kọ́ọ̀pù, abọ́ àti ṣíbí síbẹ̀, okùn pupa sì wà lára wọn. Ó wá padà sínú yàrá, ó to àwọn apẹ̀rẹ̀ sí àyè tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀. Kò fọwọ́ kan fèrèsé.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń tẹ́tí sí wa. Bí ọ̀kan nínú wa bá sín, á dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Á pè wá, á fi etí sí wa lẹ́yìn. Bí ẹni kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré nítorí ata tó ń ta lórí iná, á sáré jáde wá. Mo wúkọ́, àwọn tó kù náà wúkọ́, ó sì ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọn ò rí nǹkan kan. Àbúrò mi nìkan ni kò wúkọ́ rárá. Ìyá mi máa ń dúpẹ́ lórí ìyẹn. Á ní, "Èyí tí mo bẹ̀rù fún jù ni Ọlọ́run bá mi ṣọ́."

Ohun tí a rí lára rẹ̀ ò jọ àìsàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ mú un bí ọmọ yòókù. Á nà ṣánṣán, á fi ọwọ́ kan di itan mú, á rọra lóṣòó bí ìyá arúgbó, á mú nǹkan náà, á tún fi ọwọ́ gun itan padà sókè. Àwa rò pé ó ń ṣe Ìyá Àgbà sín ni. A máa ń sọ nǹkan sílẹ̀ ká lè rí i kó ṣe é, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà pàápàá. Lẹ́yìn náà, ìyá mi ń rán kaba fún un. Ó wọn ẹ̀yìn rẹ̀, téèpù náà ò dọ́gba. Ó tún un wọ̀n. Ó fi ìka tọ ọ̀pá ẹ̀yìn náà láti ọrùn wá sílẹ̀, ní àárín, ìka rẹ̀ gun orí kókó kan tó yọ síta.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbé fọ́tò náà sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ó ní ikọ́ife ni. Ó ní kì í ṣe inú àyà nìkan ló máa ń gbé. Ó gba imú wọlé, ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, egungun ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí, ó sì ti jẹ ẹ́.

Ìyá mi ní, "Ọmọ yìí ò wúkọ́ rí, sà. Kò fẹnu kan kọ́ọ̀pù yẹn rí. Kò fẹnu kàn án rí."

Dókítà ò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé, "Níbo ló ti máa ń ṣeré?"

Wọ́n dá àbúrò mi dúró. Bàbá mi jókòó tì í. Èmi àti ìyá mi la jọ padà sílé. Kò bọ́ aṣọ tó wọ̀ jáde. Ó mú ẹ̀mú inú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi, ó wọ yàrá obì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó tu. Ó ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sílẹ̀. Àpò ti lẹ̀ mọ́ pákó, ó ń ya. Ìyá Àgbà dé ẹnu ọ̀nà. Apẹ̀rẹ̀ kún yàrá náà débi pé kò sí ibi téèyàn lè fi ẹsẹ̀ sí dáadáa, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni àwọn ará Sábó ń bọ̀. Mo dúró de ariwo. Ìyá Àgbà wọlé, ó di etí àpò tó ń fì mú, ó bá a fà á. Nígbà tí fèrèsé ṣí, oòrùn wọlé tààrà, a sì rí ohun tó ń fò nínú rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, a ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé e jáde sínú oòrùn.

Gbogbo obì náà rọ. Mi ò gbọ́ kí Ìyá Àgbà mẹ́nu kàn án rí títí ó fi kú.

Àbúrò mi wà nínú pópì, símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di ara rẹ̀ láti àyà dé ìbàdí, fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi ló ń fún un ní oògùn, á wò ó kó gbé e mì, á ní kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè. Kò fo ọjọ́ kan. Ikọ́ife náà lọ, ẹ̀yìn náà ni kò nà padà. Ẹ̀yin mọ ẹ̀yìn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn lọ síwájú kíláàsì lójoojúmọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó sì sọ fún mi ni pé Àǹtí Èkó ni ẹni tí òun fẹ́ràn jù láyé nígbà náà, pé òun ṣì ń rántí bí àyà rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n lẹ́yìn orí òun.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Bí èèyàn bá mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ lónìí, kì í pẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Oògùn wà, wọ́n sì ń wá aláìsàn délé. Kò sí ẹni tó ń bó obì nílé wa mọ́, wọ́n ti fi yàrá yẹn ṣe ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn ilé tuntun tí ẹ ń fẹ́, fèrèsé wọn tì láti àárọ̀ dé alẹ́ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Mo wo ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sí iléèwé, gíláàsì rẹ̀ wà lókè, ẹ sì kún inú rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ óò fi wọlé, ẹ rò pé ẹ̀yin ni mò ń kà. Ikọ́ ni mò ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ mo sì mọ̀ pé ikọ́ nìkan ò tó láti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ nǹkan sílẹ̀ nínú pálọ̀, tí mo ní kí ẹ bá mi mú un, tí ẹ máa ń kùn pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mò ń wo bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mú un ni.

Láìpẹ́ yìí, ìyá ọ̀rẹ́ yín kan tó ń gbé nítòsí wa wá jókòó tì mí. Nínú ọ̀rọ̀ ló ti sọ pé ọmọbìnrin tó ń bá wọn tọ́mọ ń wúkọ́, ó ti pẹ́ díẹ̀, ó sì ń rù. Mo ní ṣé ó ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀, pé kí n má ṣèyọnu, òun ti ra kọ́ọ̀pù tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, òun ti fi àmì sí i.

Mo bi í pé, "Níbo ni ọmọ ń sùn?"

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Yàrá wọn ló tutù jù, a kì í ṣí fèrèsé rẹ̀ rárá."

Mo wá bàtà mi. Mo ní, "Dìde, ká jọ lọ sílé yín báyìí."